Ìbọ̀wọ́ Rẹ́ńsò

Ọdún tí wọ́n ń da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìtàwúrè,
tí katakata ń họ ara òkè Ẹ̀fọ̀n
bí ẹni ń họ èèpo iṣu,
ni Rẹ́ńsò dé láti Ítálì.
Irun apá rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo.
Ilẹ̀ ló ń wọ̀n kiri látàárọ̀,
oṣù mẹ́ta kò sì tíì pé
tó ti ń pe iyán ní uyán bíi tiwa.
A ò mọ̀ pé aṣọ́lé ni.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ibà dè mọ́lẹ̀
ẹni tí ń ṣọ́lé fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà.
Rẹ́ńsò bọ́ bàtà ẹrẹ̀,
ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ méjì bọ̀,
awọ tó ti gan bíi pọ̀nmọ́ àsáko.
Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti òpó dé òpó,
ó fọwọ́ kan ọparun tá a rì mọ́lẹ̀,
ó mi orí, ó dúró.

Èmi ni nọ́ńbà mẹ́sàn-án.
Láti Àràmọ̀kọ dé Ìjerò, kò sí ilé-ìwé tí n kò gbá góòlù wọ ilé wọn.
Mo gbá a sí ọ̀tún: ó ti débẹ̀
kí bọ́ọ̀lù tó mọ ibi tó ń lọ.
Mo gbé e sókè: ó nawọ́, ó já a bí ọsàn.
Mo fà á nílẹ̀: ó sàba lé e.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ní, "Òyìnbó yìí lóògùn."
Rẹ́ńsò gbọ́. Ó ní,
"Ojú yín ń wí kẹ́sẹ̀ yín tó wí."

Ó kù díẹ̀ kílẹ̀ ṣú. Kùrukùru ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Bọ́ọ̀lù kan yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi,
bọ́ọ̀lù ìtìjú, tí ń rọra yí lọ bí àgbà tó ń lọ sóko.
Ó gba abẹ́ ikùn rẹ̀ wọlé.
Wọ́n gbé mi lé èjìká yí pápá ká.

Alẹ́ ọjọ́ náà, lórí àpáta, nídìí ẹmu,
ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún wa
ní Yorùbá tó ń tiro.
Ọdún mọ́kànlá lórí bẹ́ńṣì.
Aṣọ́lé kan ló wà níwájú òun, ó ní,
tí kì í ṣàìsàn, tí kì í fẹsẹ̀ rọ́,
tí ẹnikẹ́ni kì í kú sí nílé.
Ọjọọjọ́ Ìsinmi ni òun ń wọ ìbọ̀wọ́,
òun ń bọ́ ọ láìfọ̀; kí ló fẹ́ dọ̀tí?
Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù lòun jókòó tí òun ń kà.
Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀gá jẹ ẹja, inú rú u.
Òjò ń rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún,
kò sóhun tó kọjá òun.
Ní ìkejìdínláàádọ́rùn-ún,
bọ́ọ̀lù kan báyìí, kò tilẹ̀ sáré...
Ó fọwọ́ pa ikùn.
Ìwé ìròyìn kọ orúkọ òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
wọ́n sì ṣì í kọ.

Ó rẹ́rìn-ín, a bá a rín in.
Àlúkò kò rín. Òun ni aṣọ́lé tiwa.
Ẹnu tèmi náà gbẹ, kì í ṣe ẹmu.
Mo fẹ́ bi í, "Bọ́ọ̀lù tòní ńkọ́?"
Mo gbé igbá sẹ́nu.

Ọ̀dà dé Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n kó katakata lọ.
Àlúkò ló jogún ìbọ̀wọ́ náà,
ó lò ó fún sáà méjì, ó gbé e kọ́ ògiri.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ń sọ ìkòkò iṣu kalẹ̀ lórí iná báyìí.
Mo jẹun níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Ìkòkò ń hó, ó gbá a mú lọ́wọ́ méjèèjì,
mo sì rí i pé ojú mi ni mò ń sá fún.